Ọ̀bẹ Tó Ń Gbẹ́ Èkù Ara Rẹ̀

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù Kẹta

Ó tún tàn. Gbogbo rẹ̀ pátá ló tàn: ìgò tí mo fi òjé sí, ìgò tí n kò fi nǹkan kan sí, títí dórí omi lásán tí a sè tí a tún sè. Ọ̀bẹ Kẹrìnlá, ìkẹrìnlá nínú ohun tín-ín-tín tí mò ń ṣe láti fi wá òjé inú omi, tó yẹ kó gé ara rẹ̀ kó sì tàn kìkì ìgbà tó bá pàdé òjé, ṣe ló ń gé ara rẹ̀ fún tajá tẹran. Ọ̀gá wo àbájáde náà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó ní, "Ẹ̀rí dà?" Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Torí ìbéèrè yìí la ṣe ń pè é ní Màmá Ẹ̀rí-Dà tí kò bá sí nítòsí.

Ẹ̀gbọ́n mi tún pè nírọ̀lẹ́. Ó ní ṣé ọ̀bẹ mi ti mú. Mo ní kó ṣe sùúrù fún mi. Ooru ọjọ́ yìí kò ṣeé sọ, òógùn ń kán sórí ìwé bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

Òógùn náà ni! Ìbọ̀wọ́, akẹgbẹ́ mi, ló ká mi mọ́. Èmi àti ẹ̀ la jọ ń lo tábìlì kan, ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́ kì í sì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ láti àárọ̀ títí a ó fi ṣíwọ́, òun ló sọ ọ́ lórúkọ. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí, mo ṣí ìgò, ló bá figbe ta.

"Ọwọ́ ẹ! Wo ọwọ́ ẹ! Gbogbo òógùn orí ẹ lo fẹ́ dà sínú ẹ̀ yẹn!"

Òótọ́ ló sọ. Ohun tó wà nínú òógùn èèyàn máa ń jẹ RNA, ohun tí a fi ṣe Ọ̀bẹ, bí ikán ṣe ń jẹ igi. Yálà òjé ló jẹ́ kí Ọ̀bẹ gé ara rẹ̀ ni o, yálà òógùn ló jẹ ẹ́ ni o, ìmọ́lẹ̀ kan náà ni ẹ̀rọ máa rí. N óò ṣe ìkejì rẹ̀, n óò yí ẹyọ kan ṣoṣo padà nínú ohun tí a tò pọ̀ ṣe ẹnu rẹ̀ kó má lè gé nǹkan kan mọ́. Aláìmú ni n óò máa pè é. Bí àwọn méjèèjì bá tàn, ìdọ̀tí ni. Bí Ọ̀bẹ bá tàn tí Aláìmú dákẹ́, òjé ni.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Mo yà sílé ẹ̀gbọ́n mi. Bọ̀dá, ọkọ rẹ̀, wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, kò tiẹ̀ gbé orí sókè kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀fẹ̀.

"Ìyàwó mi, kí lẹ tiẹ̀ ń ṣe ní yàrá yẹn gan-an? Ẹ̀gbọ́n ẹ ní ọ̀bẹ lẹ̀ ń rọ."

"Ọ̀bẹ tó kéré débi pé ojú ò lè rí i ni, Bọ̀dá. Ó rí bí okùn tó ká ara ẹ̀ kò. Tó bá ti pàdé òjé nínú omi, á gé ara ẹ̀ sí méjì, ibi tó bá ti já á sì tàn."

"Á gé ara ẹ̀?"

"Ara ẹ̀ ló máa gé."

Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Irọ́ lẹ̀ ń pa. Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara ẹ̀."

"Tiwa ń gbẹ́ ẹ."

"Ẹ yáa máa ṣọ́ ọ nígbà yẹn. Ọ̀bẹ tó bá ti gbẹ́ èkù ara ẹ̀, kí lèèyàn fẹ́ dì mú?"

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú mi wà lára ọmọ wọn. Torí ìrìn rẹ̀ la ṣe sọ ọ́ ní Pẹ́pẹ́yẹ, àtọmọdé àtàgbà ló ti fi ìrìn náà pa lẹ́rìn-ín rí. Lónìí kò rìn wá pàdé mi. Ó jókòó sórí àwọn àjákù aṣọ, ó di ikùn mú. Ẹ̀gbọ́n mi fà mí sí ibi ìdáná, ó ní ọmọ náà kì í pe "bọ́ọ̀lù" mọ́, kì í pe "omi" mọ́, ìka ló fi ń tọ́ka sí ohun tó bá fẹ́. Ọmọ tó ti ń to ọ̀rọ̀ pọ̀ kí ọdún tó yí.

Kànga tí wọ́n ń pọn wà lẹ́yìn ilé. Ògiri kan ṣoṣo ló pààlà òun àti àgbàlá tí ọkùnrin kan ti ń yọ́ bátìrì ògbólógbòó nígbà kan rí. Ọkùnrin náà ti kó lọ, ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì dúdú. Láti oṣù tó kọjá tí ẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́ pé òjé inú bátìrì máa ń rin wọ omi, tó sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kò fi omi kànga sẹ́nu ọmọ mọ́. Kẹ́ẹ̀gì ló fi ń gbé omi wálé láti ọsibítù tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, èjìká rẹ̀ ti wú. Bọ̀dá ní àṣejù ni, pé òun ti ń mu omi náà kí òun tó fẹ́ ẹ, kò sì sí ohun tó ṣe òun. Wọ́n bá ara wọn fà á títí.

"Ó dáa," ni Bọ̀dá wí níkẹyìn, "ohun tí àbúrò ẹ bá ti sọ la máa ṣe."

Kí ló dé tó fi kàn mí? Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò lè mu omi tí wọ́n bù fún mi tán.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Iná kò dé láti àárọ̀ àná. Yìnyín ti gbówó lórí, ẹni tó ń tà á kò sì wojú èèyàn mọ́. Mo wé Ọ̀bẹ àti Aláìmú sínú ọ̀rá, mo gbé wọn lọ sínú fírísà oní-jẹnẹrétọ̀ ìyá ẹlẹ́ja tó wà nísàlẹ̀ ilé mi kí ooru má baà bà wọ́n jẹ́. Ó bi mí bóyá oògùn ni. Mo ní ọ̀bẹ ni. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní òun náà ní ọ̀bẹ, ẹja sì lòun fi ń gé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Ó ṣe é! Ó ṣe é!

Ọ̀bẹ tàn níbi òjé, ó dákẹ́ níbi omi lásán. Aláìmú dákẹ́ níbi gbogbo. Mo tún un ṣe, mo tún un ṣe, bákan náà ló rí. Ìbọ̀wọ́ jó yí tábìlì ká tòun ti ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́. Mo ní kí n dán an wò títí dé òpin, mo fi ẹ̀kán kan Ó-Tó, oògùn tí a fi ń sọ fún Ọ̀bẹ pé ó tó, sínú ìgò òjé kí n tó da Ọ̀bẹ sí i. Ohun tí Ó-Tó wà fún nìyẹn: á gbá òjé mú, kò ní fi í sílẹ̀ mọ́, Ọ̀bẹ kò sì ní rí nǹkan kan gé sí. Òkùnkùn biribiri. Bó ṣe yẹ kó rí gẹ́lẹ́.

Ọ̀gá wo gbogbo rẹ̀, ó ní, "Hẹn-ẹ́n." Lẹ́nu tirẹ̀, oríkì nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Omi inú ilé wa nìyí o. Omi ìta ní ìwà tiẹ̀. Má tíì fẹnu sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni."

Mo ní mo ti gbọ́, mà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Ẹ̀gbọ́n mi gbé omi kànga wá bá mi níbi iṣẹ́. Ìgò tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù ló rọ ọ́ sí, àwọn tó ní ìdérí aláwọ̀ àlùkò, ó wé wọn sínú òwú bí ẹyin.

"Mo mọ̀ pé ìwọ àti ìdọ̀tí ò jọ ń rìn," ló wí. "Kò sí ohun tó mọ́ tó èyí ní gbogbo ọsibítù wa. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣí i."

Mo yìn ín. Mo ní ká ní gbogbo èèyàn ló ń gbé omi wá báyìí ni, orí ì bá ti sinmi.

Ọ̀gá kò wá síṣẹ́ lónìí. Mo ní kí n kàn wò ó ni. Ọ̀bẹ dákẹ́. Mo dúró tì í, mo ń retí kó tàn, mo sì ń bẹ̀ ẹ́ kó má tàn, kò tàn. Aláìmú náà dákẹ́, kò sí ìdọ̀tí. Omi ilé wa tí mo fi òjé sí, tí mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tàn yòò, ọ̀bẹ kò kú. Kí ló tún kù tí mo fẹ́ rí?

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi kó tó délé. "Àǹtí, omi yín mọ́."

Ìgbà tó máa sọ̀rọ̀, ẹkún ló gbà á lẹ́nu. Ó ní èjìká òun dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Òjò àkọ́rọ̀. Bọ̀dá pè mí láàárọ̀ kùtù. "Dókítà Omi! Mo sọ fún un, mo sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ! Kẹ́ẹ̀gì ò ní gbé omi mọ́ nílé yìí, epo la ó máa fi rà." N kò tíì sọ fún Ọ̀gá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Pẹ́pẹ́yẹ bì láàárọ̀, ó tún bì lọ́sàn-án. Wọ́n fún un ní oògùn aràn, kò sí ìyàtọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní àárẹ̀ ń mú un bó ti jí. "Ọpẹ́ ni pé kì í ṣe omi," ló wí lórí fóònù. "Ọ̀kan kúrò nínú ohun tí màá máa rò."

Mo ní àmín.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún

N kò lè jẹun. Kò sí ohun tó ṣe mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Tí n kò bá kọ ọ́ báyìí, n kò ní lè kọ ọ́ mọ́.

Wọ́n ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ wò. Mo tẹ̀ lé wọn lọ sí ọsibítù, mo gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì kejì ń gba ẹ̀jẹ̀ náà. Ìgò ìdérí àlùkò ló gbà á sí. Ó gbà á tán, ó ń yí i síwá sẹ́yìn jẹ́jẹ́. Kí n má baà máa wo omijé ọmọ, mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé kí ló dé tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn.

"Kí oògùn inú ẹ̀ lè kárí ni. Òun ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì."

"Oògùn wo?"

"Ó ti wà nínú ẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Kì í tiẹ̀ hàn sójú."

Mo mú ọ̀kan tó ṣófo lórí tábìlì. Wọ́n kọ orúkọ oògùn náà wẹ́wẹ́ sí ara rẹ̀, lẹ́tà mẹ́rin. Lẹ́tà mẹ́rin kan náà tó wà lára ìgò Ó-Tó, tí mò ń fà síwájú fà sẹ́yìn lórí tábìlì mi lójoojúmọ́ ayé.

Omi kànga yẹn ti bọ́ sínú Ó-Tó kó tó dé ọ̀dọ̀ mi rárá. Òjé inú rẹ̀ ì báà kún ìgò, Ọ̀bẹ kò lè rí i. Àwa méjèèjì ló fi ìmọ́tótó ṣe é, òun pẹ̀lú ìgò tó mọ́ jù lọ, èmi pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ méjì lórí ara wọn. Mo wo ìdérí àlùkò yẹn lọ́jọ́ náà, mo sì yìn ín.

Mo fà á lọ́wọ́ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Àǹtí, omi tí mo ní ó mọ́ yẹn, n ò mọ̀ bóyá ó mọ́."

"Kí lo wí?"

Mo ṣàlàyé. Nọ́ọ̀sì ni, kò pẹ́ tó fi yé e. Mo rí ojú rẹ̀ bó ṣe ń yé e.

"A ti ń mu ún láti ọjọ́ náà," ló wí. "Mò ń bù ú fún un ní kọ́ọ̀pù. Mo tún ń dúpẹ́ lórí ẹ̀, o gbọ́ mi bí mo ṣe ń dúpẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ ṣe mí ní..."

"Má bẹ̀ mí." Ó wọlé, ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kejì, ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọ̀gá ti sọ fún mi kí n má fẹnu sọ nǹkan kan.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Bọ̀dá ló gbé omi náà wá, nínú ike tuntun tí kò tíì gba nǹkan kan rí. Kò pè mí ní ìyàwó, kò pè mí ní Dókítà. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní òun máa dúró níta.

Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún Ọ̀gá kí Bọ̀dá tó dé. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Lọ́jọ́ yẹn, ṣé o fi òjé díẹ̀ sínú omi tiwọn gan-an, kó o rí i bóyá Ọ̀bẹ lè ríran nínú ẹ̀?"

"Rárá, mà. Omi tiwa nìkan ni mo fi í sí."

"Ó dáa." Ì bá sàn kó bú mi. "Gbé e wá, ká jọ ṣe é."

Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó jókòó tì mí bí akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀bẹ tàn. Aláìmú dákẹ́. A fi Ó-Tó sí omi kan náà, Ọ̀bẹ dákẹ́. Kò sí ẹni tó jó lónìí. Ọ̀gá fi omi tó kù ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ ńlá, kí wọ́n bá wa jẹ́rìí sí i, ó sì pe dókítà kan tó mọ̀, ó ní kí wọ́n yẹ òjé wò nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, kó má jẹ́ ibà nìkan.

Mo jáde lọ bá Bọ̀dá. Ó ti rí ojú mi.

"Ó wà níbẹ̀, àbí?"

"Ó wà níbẹ̀, Bọ̀dá."

"Èmi náà ni. Èmi ni mò ń pariwo pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Ó lọ láìdúró gba ọ̀rọ̀ ìtùnú.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ẹ̀gbọ́n mi kò gbé fóònù. Àbájáde ẹ̀jẹ̀ kò tíì dé. Mo fọ gbogbo ìgò tó wà ní yàrá ìwádìí, èyí tó mọ́ àti èyí tí kò mọ́, títí Ìbọ̀wọ́ fi ní kí n lọ sílé.

Ọjọ́ Ajé, ọgbọ̀n ọjọ́

Ó dé. Òjé wà lára Pẹ́pẹ́yẹ, ó sì pọ̀. Wọ́n ti dá a dúró sí ọsibítù ńlá. Bọ̀dá ló sọ fún mi. Dókítà ní èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ ti pẹ́ lára rẹ̀, pé kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ yìí nìkan. Mo mọ ìdí tó fi sọ ìyẹn fún mi. Kò rọ̀ mí lọ́kàn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin

Mo lọ, láìjẹ́ pé wọ́n pè mí. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò lé mi. Ó sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, mo jókòó.

Ìgò oògùn tí wọ́n fẹ́ máa fà sínú abẹ́rẹ́ fún ọmọ náà wà lórí tábìlì. Ojú mi lọ síbẹ̀ kí n tó mọ̀. Orúkọ kan wà níwájú, ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́tà mẹ́rin náà ni. Ẹbí Ó-Tó ni, èyí tí wọ́n ti tọ́jú fún ara èèyàn. Mo kà á, mo tún un kà.

"Kí lò ń wò?" Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn.

"Àǹtí, ohun tó wà nínú ìgò ìdérí àlùkò yẹn ni. Mọ̀lẹ́bí ẹ̀ ni. Òun ló gbá òjé mú lọ́jọ́ yẹn tí n ò fi rí i. Òun náà ni wọ́n fẹ́ fi gbá a mú lára ọmọ, kó lè bá ìtọ̀ jáde."

Ó wo ìgò náà bí ẹni ń wo ọ̀tá tó wá bẹ̀bẹ̀.

"Ó mọ̀ ọ́n gbá mú dáadáa," ló wí níkẹyìn. "Kó yáa gbá a mú."

Ọmọ ké nígbà tí abẹ́rẹ́ wọlé. Àwa méjèèjì la jọ dì í mú.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ karùn-ún

Èsì ẹ̀rọ ńlá bá tiwa mu. Ọ̀gá ní, "Ẹ̀rí rèé." Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ sunkún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá

Wọ́n ti dá wọn sílẹ̀ wálé, wọn yóò tún padà lọ gba abẹ́rẹ́. Dókítà ní òjé náà ti ń lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ ohun tó ti bàjẹ́ àti ohun tí kò bàjẹ́, pé ká máa wò ó.

Bọ̀dá ti fi pákó kan kànga náà pa fúnra rẹ̀, ìṣó tó kàn mọ́ ọn pọ̀ ju èyí tó gbà lọ. Mo bá a nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ní, "Ìyàwó mi, ẹ káàbọ̀," mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún lójú ẹsẹ̀.

Pẹ́pẹ́yẹ dìde láàárín àjákù aṣọ, ó ń bọ̀ wá pàdé mi pẹ̀lú ìrìn rẹ̀ yẹn. Ó di etí aṣọ mi mú, ó gbé ojú sókè.

"Omi," ló wí.

Ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

"Omi," ló tún wí, inú ti ń bí i pé a kò dá a lóhùn.

Omi tí wọ́n gbé láti ọsibítù wà nínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ̀gbọ́n mi bu ìyẹn fún un, ó mu ún tán. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n mi wọlé lọ mú ike kan jáde. Ẹ̀rọ omi tuntun tó wà ní ìkángun àdúgbò ló ti bù ú, gbogbo ilé tó wà níbẹ̀ ló ń pọn ún. Ike tí kò tíì gba nǹkan kan rí ni, ó ti fi ọ̀rá wé ẹnu rẹ̀. Ó nà án sí mi.

"Ṣé ó mọ́?"

Mo gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ó mọ́ gaara lójú.

"N ò tíì mọ̀, Àǹtí."

Ó mi orí sí mi. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Lọ wò ó."